Láti Ojú Tẹlifíṣọ̀n sí Ojú Ìwé: Ìtàn Ìwé Eré Aláwòrán

Eré tí à ń wò nínú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kì í dúró de ẹni tí ó bá pẹ́ dé. Bí àkókò rẹ̀ bá ti kọjá, ó ti lọ; ẹni tí kò sí nílé, tàbí ẹni tí iná mànàmáná ilé rẹ̀ kú ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹnu aládùúgbò ni yóò ti gbọ́ ọ. Kí ẹ̀rọ fídíò tó gba òde, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí ní London, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní New York, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní Ìbàdàn. Èyí ni ó jẹ́ kí ìwé eré aláwòrán, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní kọ́míìkì, níyì lọ́wọ́ àwọn tí ń kà á. Àwọn olùkọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ìwé ọ̀lẹ ni púpọ̀ nínú wọn ń pè é. Ọmọ tí a bá sì ká a mọ́ lọ́wọ́ lábẹ́ tábìlì, gbígbà ni a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ìtàn wò ó, a ó rí i pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ kan tí tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ kò lè ṣe: ó pa eré mọ́.

Oríṣi kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, èyíinì ni èyí tí a mú jáde láti inú eré onísáyẹ́ǹsì ti orí tẹlifíṣọ̀n. Eré onísáyẹ́ǹsì ni eré tí ó ń rò ó bí ọjọ́ iwájú yóò ti rí: ọkọ̀ tí ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn, ẹ̀dá tí ó ti inú ayé mìíràn wá. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1949 ni ilé-iṣẹ́ DuMont bẹ̀rẹ̀ sí fi eré Captain Video hàn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1951, ilé-iṣẹ́ Fawcett ti sọ ọ́ di ìwé aláwòrán. Owó kékeré ni wọ́n fi ń ṣe eré náà, ohun èlò rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ojú ọ̀run kò wọ́n ayàwòrán ju ẹyọ kan lọ, yíǹkì kan náà ni yóò fi yà wọ́n. Láti ìgbà yẹn ni àwọn òǹtẹ̀wé ti rí i pé ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò ní owó tí yóò fi ṣe, ìwé lè ṣe é ní ọ̀fẹ́.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn ni Star Trek. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 1966 ni ilé-iṣẹ́ NBC bẹ̀rẹ̀ eré náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ilé-iṣẹ́ Gold Key bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ títí di ọdún 1979, àtẹ̀jáde mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ohun ìyanu kan wà nínú ìtàn ìwé yìí tí ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Ará Ítálì ni Alberto Giolitti tí ó ya púpọ̀ nínú àwọn àwòrán náà, Róòmù ni ó sì ti ń yà wọ́n. Kò tíì fi ojú rẹ̀ rí eré náà rí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fọ́tò díẹ̀ ni ó ń wò. Nítorí náà ni iná fi ń bù yọ lára ọkọ̀ Enterprise nínú àwọn àtẹ̀jáde ìbẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń gbéra nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan níbẹ̀ nínú eré. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti gbẹ́nàgbẹ́nà tí a ròyìn erin fún tí ó sì gbẹ́ erin: ìrù lè wà níbi tí ó yẹ kí ó wà, etí náà lè fẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọdẹ tí ó ti pàdé erin nínú igbó yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá rí i. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń rà á. Ní ọdún 1969 tí NBC dá eré náà dúró, ìwé ni ó ń bá ìrìn àjò àwọn atukọ̀ náà lọ fún ọdún mẹ́wàá gbáko.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni BBC bẹ̀rẹ̀ eré Doctor Who, ìtàn arìnrìn-àjò kan tí ó ní àpótí ọlọ́pàá tí inú rẹ̀ tóbi ju òde rẹ̀ lọ, tí ó sì lè gbé e lọ sí ìgbà àtijọ́ tàbí ìgbà tí ń bọ̀. Ọdún kan kò tíì pé tí ìwé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tí ń jẹ́ TV Comic fi gbà á sójú ìwé. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ibẹ̀ kò mú ìtàn orí tẹlifíṣọ̀n bí ó ti wà. Ó fún Dókítà náà ní ọmọ-ọmọ méjì, John àti Gillian, tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nínú eré. Àwọn Dalek, ọ̀tá tí ẹ̀rù wọn ń ba àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì títí wọ́n fi ń sá sẹ́yìn àga, kò sí níbẹ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé Terry Nation tí ó dá wọn sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí wọn, ìwé mìíràn ni a sì fún láṣẹ láti lò wọ́n. TV Century 21 ni ìwé kejì yìí, tí ó jáde ní oṣù kìíní ọdún 1965. Inú rẹ̀ ni àwọn eré Gerry Anderson wà, Stingray, Fireball XL5, lẹ́yìn náà Thunderbirds. Wọ́n ṣe ojú ìwé rẹ̀ bí ìwé ìròyìn, ọjọ́ tí wọ́n sì ń kọ sí iwájú rẹ̀ jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún ọdún sí i: èyí tí ó jáde ní ọdún 1965, ọdún 2065 ni wọ́n kọ sí i. Ọmọ tí ó bá rà á, ìròyìn ọ̀la ni ó rà.

Kò yẹ kí a rò pé ìfẹ́ ọmọdé nìkan ni ó ń darí iṣẹ́ yìí. Òwò ni. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gba owó àṣẹ, òǹtẹ̀wé ń gba owó ìwé, ayàwòrán sì ń gba owó ojú ìwé, kò sì ní ìpín mọ́ lẹ́yìn náà.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn eré òkè òkun ni ó kún inú ètò tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ní ìgbà náà. Doctor Who gan-an wà lára àwọn tí a rà láti ọ̀dọ̀ BBC láàárín àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Yorùbá fẹ́ ṣe eré tiwọn fún ẹ̀rọ tuntun yìí, wọn kò wá ọkọ̀ ojú ọ̀run. Eléré ti wà nílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń káàkiri ìlú, tí wọ́n gba ipò àwọn alárìnjó ayé àtijọ́, ni a pè wọ inú ilé tẹlifíṣọ̀n.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, nítorí ọwọ́ Èkìtì wà nínú ìtàn wọn ju bí a ti ń sọ lọ. Ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni ó sì ti dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1948. Eré rẹ̀ tí ó gbayì jù ni Ọ̀mùtí, tí a kọ́kọ́ ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963, láti inú ìwé Amos Tutùọlá tí ó jáde ní ọdún 1952. Ìrìn àjò ẹni tí ń wá ẹlẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú ni. Ẹni tí ó bá wo eré yìí dáadáa yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti àwọn ìtàn ọkọ̀ ojú ọ̀run: akọni fi ilé sílẹ̀, ó ré odi ayé kọjá, ó bá àwọn ẹ̀dá tí a kò rí irú wọn rí pàdé, ó sì gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n bọ́ lọ́wọ́ wọn. Hubert Ògúndé ní tirẹ̀ ti fi eré Yorùbá Ronú bú àwọn olóṣèlú ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fòfin dè é kí ó má ṣe ṣeré ní agbègbè náà mọ́. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni ó gbé òfin náà kúrò ní oṣù kejì ọdún 1966, kò pẹ́ rárá lẹ́yìn tí àwọn ológun fi í ṣe gómìnà.

Ní ọdún 1967, ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Atọ́ka. Kì í ṣe yíyà ni a ya àwòrán inú rẹ̀. Fọ́tò ni. Àwọn ẹgbẹ́ eléré, irú ti Oyin Adéjọbí ará Òṣogbo, yóò wọ aṣọ eré wọn, wọn yóò ṣe eré náà ní ìpele-ìpele níwájú ayafọ́tò, a ó sì to àwọn fọ́tò náà tẹ̀ léra lójú ìwé. A ó kọ ohun tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ń sọ sínú òbìrìkìtì funfun tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹnu ẹni tí ń sọ ọ́. Eré kan lè gba àtẹ̀jáde púpọ̀ kí ó tó parí. Ẹni tí ó bá ra èyí tí ó jáde lónìí yóò máa fi ara balẹ̀ retí èyí tí ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí òǹwòran ti ń retí alẹ́ ọjọ́ tí eré yóò tún padà wá lórí tẹlifíṣọ̀n. Fún ọdún púpọ̀, títí wọ inú àwọn ọdún 1980, ni Atọ́ka fi ń jáde.

Àwọn kan lè sọ pé eré orí ìtàgé ni Atọ́ka gbé jáde, kì í ṣe ti tẹlifíṣọ̀n. Ìyàtọ̀ náà kò tó bí ó ti dà lójú. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe eré ní gbọ̀ngàn ìlú náà ni ń ṣe é ní ilé tẹlifíṣọ̀n. Adéjọbí kan náà ni ó ni Kóòtù Aṣípa tí gbogbo ilé ń wò. Dúró Ládipọ̀ tí ó ni Ọba Kò So náà ni ó ni Bódé Wáàsinmi. Moses Ọláìyá, tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ń fi àwàdà pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ní gbọ̀ngàn, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà lórí ẹ̀rọ. Tẹlifíṣọ̀n ni ó sọ ojú wọn di ojú tí a mọ̀ ní ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì dé, ojú tí a mọ̀ yìí ni ó sì ń ta ìwé. Ohun tí TV Comic ń ṣe fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Atọ́ka ń ṣe fún ọmọ Yorùbá, pẹ̀lú ìyàtọ̀ pàtàkì kan: Giolitti ń ya eré tí kò rí, John àti Gillian kò sí níbì kan, ṣùgbọ́n nínú Atọ́ka, àwọn òṣèré gan-an ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ara wọn, aṣọ wọn àti ìfaraṣàpèjúwe wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó yẹ kí ó ká àwọn olùkọ́ Yorùbá lára jù nínú ìwé yìí. Kí Atọ́ka tó dé, ìwé ìròyìn, ìwé ìtàn àròsọ àti ìwé àkàwé ọmọdé wà lára ohun tí a fi ń kọ èdè Yorùbá. Gbogbo wọn ni ó ní olùsọ̀tàn tí ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Nínú Atọ́ka, fọ́tò ni ó gba iṣẹ́ olùsọ̀tàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó kù fún òǹkọ̀wé láti kọ, ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá sì ni: ìjá-lọ́rọ̀-gbà, èpè, ìpanilẹ́rìn-ín, ìkíni tí kò tán bọ̀rọ̀. Bí àyè ti há tó nínú òbìrìkìtì náà, kò sí àyè fún àṣejù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ti ń dáhùn ọ̀rọ̀ sí ara wọn ní àwọn ọdún náà, yóò rí i níbẹ̀ ju inú ìwé gírámà lọ.

Ibì kan tún wà tí èdè Yorùbá gbà ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nínú iṣẹ́ yìí, ó sì ṣeni láàánú pé àwọn tí ń ṣe ìwé aláwòrán kò lò ó tó. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà máa ń kọ ìró sójú àwòrán ní lẹ́tà gàdàgbà, láti fi ìbọn tàbí ìkúùkù hàn. Ìró mélòó kan ni wọ́n ní, wọn a sì máa tún un lò títí yóò fi súni. Yorùbá kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wúwo ṣubú gbì. Ẹni tí ó nà gbalaja sílẹ̀ ṣubú yakata. Àwo fọ́ yángá. Ìmọ́lẹ̀ kọjá fìrí. Ìgbátí dún fòò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò sọ bí ohun náà ti tóbi tó, bí ó ti yára tó, àti bí ó ti rí lójú. Bí a bá wá èdè tí a ṣe fún ojú ìwé aláwòrán, èyí ni.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí sáyẹ́ǹsì. Kí ni ọmọ Yorùbá tí ó ti gbọ́ àlọ́, tí ó sì ti ka ìwé D. O. Fágúnwà, rí nígbà tí ó kọ́kọ́ wo Star Trek? Nínú eré náà, atukọ̀ yóò dúró lójú kan, yóò pòórá, yóò sì yọ ní ibòmíràn. Egbé nìyẹn. Ọkọ̀ yóò ká ọ̀nà tí ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún kò títí yóò fi di ìrìn ọjọ́ kan. Kánàkò nìyẹn. Ọkọ̀ ọ̀tá yóò wà níbẹ̀, ojú kò sì ní rí i. Àféèrí nìyẹn. Àwọn àgbà tí wọ́n jókòó sídìí ẹ̀rọ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ kò nílò àlàyé púpọ̀. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé àìlówó ni ó bí egbé àwọn ará Amẹ́ríkà: owó tí yóò fi ọkọ̀ tí ń balẹ̀ hàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò sí, àwọn tí ń ṣe eré náà bá kúkú wá ọ̀nà tí àwọn ènìyàn yóò fi máa sọ̀ kalẹ̀ láìsí ọkọ̀. Nínú ìwé fọ́tò, ó tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò kan tí ọkùnrin dúró nínú rẹ̀, òmíràn tí ojú ibẹ̀ ṣófo: ó ti lọ.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ ń bàjẹ́, a sì ń tún un ṣe. Ẹni tí ó bá kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n lò, ì báà ṣe ọmọ ta ni. Òògùn ní èèwọ̀, ó ní ọfọ̀, ó sì ní ẹni tí ó yẹ kí ó ni ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni agbára rẹ̀, ọfọ̀ kò sì ṣeé gé kúrú. Nítorí náà, nígbà tí babaláwo tàbí ọdẹ bá bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ nínú eré fọ́tò, òbìrìkìtì ọ̀rọ̀ yóò tóbi, àwòrán yóò sì kéré. Eré yóò dúró de ọ̀rọ̀. Nínú ìwé Star Trek, ọ̀rọ̀ ni ó ń sáré tẹ̀ lé àwòrán. Kò sí ibi tí ìyàtọ̀ èrò àwọn ènìyàn méjì ti hàn gbangba tó báyìí.

Àwọn ìwé mìíràn ń bá Atọ́ka du ojú ọjà. Láti ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Drum ti ń tẹ African Film, ìwé fọ́tò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí akọni rẹ̀ ń jẹ́ Lance Spearman; Spear ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń pè é. Ìhà gúúsù Áfíríkà ni a ti ń ya àwọn fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà ni wọ́n ti ń rà á bí ẹni ra àkàrà. Fìlà òyìnbó, sìgá, mọ́tò olówó ńlá: òyìnbó dúdú pátápátá ni Spear, ẹni tí ó bá a jà jù sì ni Rabon Zollo, ọ̀daràn tí kì í kú bọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1975, Powerman dé. Nàìjíríà ni a ṣe é fún, ibẹ̀ ni a sì ti ń tà á, ṣùgbọ́n London ni a ti ń kọ ọ́ tí a sì ti ń yà á, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Bardon Press Features. Ọkùnrin dúdú alágbára tí ń fò lójú sánmà ni akọni rẹ̀. Don Avenell àti Norman Worker ni ó ń kọ ìtàn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, sì ń ya àtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan ní àyípo. Wọ́n fi nọ́ńbà sí àwọn àwòrán rẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, nítorí wọ́n rò pé òǹkàwé Nàìjíríà lè má mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ kà. Ó dùn mọ́ni láti ronú nípa rẹ̀. Ní ìlú tí àwọn ọmọ ti ń ka Atọ́ka àti Spear láti ọdún méje, mẹ́jọ sẹ́yìn láìsí nọ́ńbà kankan, ẹnì kan ní London rò pé ojú wọn kò mọ ọ̀nà láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò já sí asán fún àwọn tí ń yà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni ìwé Doctor Who Weekly bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí a sì fún ní ìtàn àkọ́kọ́ láti yà ni Dave Gibbons. Òun ni ó ya púpọ̀ nínú ìtàn ibẹ̀ fún ọdún díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ni ó ya Watchmen tí ó jáde láti ọdún 1986, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ́ ní yunifásítì. Lára owó àwọn ọmọ ilé-ìwé Nàìjíríà ni ó wà nínú ohun tí ó fi kọ́ iṣẹ́.

Báwo ni ìwé wọ̀nyí ṣe ń dé ìlú bí Ìyìn-Èkìtì? Ọ̀nà tí ó ti Iléṣà wá, tí ó gba Ìtawùré àti Ìgèdè kọjá kí ó tó wọ Ìyìn àti Adó, ni ọ̀nà tí ìwé ìròyìn Ìbàdàn ń gbà. Tẹlifíṣọ̀n kò rí ọ̀nà náà gbà bọ̀rọ̀. Òkè ni ilẹ̀ Èkìtì, òkè sì máa ń dí ìgbì afẹ́fẹ́ tí ń gbé àwòrán; iná mànàmáná kò sí ní ọ̀pọ̀ ìlú; owó ẹ̀rọ kan sì pọ̀ lójú olùkọ́ oníwèé-ẹ̀rí kékeré. Ní ọdún 1967 tí Atọ́ka bẹ̀rẹ̀, ọmọ bíbí Ìyìn, Adéyínká Adébáyọ̀, ni gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn tí WNTV wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí ọmọ ìlú wà lórí oyè ni ó ń mú kí àwòrán ré kọjá òkè. Ìwé kò bèèrè iná, kò bèèrè òpó. Àtùpà ni a ó tàn sí i, a ó sì yá ara wa kà títí etí rẹ̀ yóò fi gbó.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yí padà. Títí di ìgbà náà, orí tẹlifíṣọ̀n tàbí orí ìtàgé ni eré ti ń wá sójú ìwé. Wálé Adénúgà, tí ó bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super ní ọdún 1976, ni ó gba òdì kejì wá: ojú ìwé ni ó kọ́kọ́ ya Papa Ajasco sí, ó sọ ọ́ di fíìmù ní ọdún 1984, ó sì gbé e lọ sórí tẹlifíṣọ̀n ní nǹkan bí ọdún 1996. Super Story náà gba ojú ọ̀nà kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó tẹ̀ lé e ti dé inú sáyẹ́ǹsì gan-an. Ní ọdún 2015 ni Roye Òkúpè gbé E.X.O. jáde, ìtàn akọni kan tí aṣọ ẹ̀rọ fún ní agbára. Ìwé rẹ̀ mìíràn, Iyanu, tí ó jáde ní ọdún 2021, di eré àwòrán alágbèéká lórí Cartoon Network ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ẹgbẹ́ Kugali, ọmọ Nàìjíríà méjì àti ọmọ Ùgáńdà kan, tí ìwé aláwòrán ni iṣẹ́ wọn, bá ilé-iṣẹ́ Disney ṣe Iwájú, ìtàn Èkó ti ọjọ́ iwájú, tí ó jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Orúkọ Yorùbá ni ó kún inú wọn, ilé àti aṣọ Yorùbá sì ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ní ti èyí, Atọ́ka ọdún 1967 ṣì wà níwájú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni ó kù. Téèpù tẹlifíṣọ̀n wọ́n, nítorí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi máa ń pa eré tí a ti lò rẹ́ kí wọ́n lè gba òmíràn sórí téèpù kan náà. Láàárín ọdún 1967 sí 1978, BBC pa púpọ̀ nínú Doctor Who rẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tiwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí eré Yorùbá. Ẹni tí ó bá ń wá àwọn eré tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ṣe ní WNTV ní àwọn ọdún 1960 yóò rìn jìnnà kí ó tó rí èyí tí ó ṣeé wò. Ṣùgbọ́n BBC ti ta ẹ̀dà eré tiwọn sí òkè òkun, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó rà á. Ní àárín àwọn ọdún 1980, a rí díẹ̀ gbà padà láti Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, a kéde pé a ti rí apá mẹ́sàn-án mìíràn ní ilé tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos, marùn-ún nínú The Enemy of the World àti mẹ́rin nínú The Web of Fear. Fíìmù àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa rẹ́ wà nínú yàrá kan ní orí òkè Jos fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Apá kẹta The Web of Fear nìkan ni a kò rí kó jáde pẹ̀lú ìyókù. Ọdún 1968 ni a fi í hàn. Nígbà tí a fẹ́ ta eré náà fún àwọn òǹwòran, ohun tí a fi dí àlàfo náà ni fọ́tò tí ọkùnrin kan, John Cura, máa ń yà láti ojú tẹlifíṣọ̀n bí eré ti ń lọ, àti ohùn tí àwọn ọ̀dọ́ gbà sórí téèpù nínú ilé wọn. A to àwọn fọ́tò náà tẹ̀ léra, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, a sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré máa tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún tí Cura ya àwọn fọ́tò náà, àwọn òṣèré Yorùbá ń wọ aṣọ eré wọn níwájú ayafọ́tò Atọ́ka.